Ohùn Inú Eré Àkèré

Aago ara ògiri kò tíì ka ìṣẹ́jú mẹ́rin tí ọmọ àkọ́kọ́ fi ju fóònù rẹ̀ sórí ẹní, tó sì ki ṣíbí bọ àwo àsáró. Kò fẹ́ ẹ kó tutù, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó ń gbé e mì bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Láti ọ̀sán àná ni oúnjẹ ti kan ẹnu rẹ̀ gbẹ̀yìn, nítorí bí òfin ṣe wí nìyẹn: ọmọ tí yóò bá dán eré wò gbọ́dọ̀ febi sùn, kó sì fi eré sílẹ̀ lọ jẹun kí ogún ìṣẹ́jú tó pé.

"Ọ̀kan," ni Adépèlé wí, ó sì fi gègé sàmì sínú ìwé.

"Ọ̀kan nínú mẹ́ta," ni Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn dáhùn láti orí àga tirẹ̀. Òun ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe eré náà rán wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, aṣọ rẹ̀ funfun nini, kì í gbé ohùn sókè. "Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀, Adájọ́ mi. Eré ọmọdé lásán ni. Àkèré ń fò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Lóòótọ́ ni kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Adépèlé fi ṣe eré náà fúnra rẹ̀ lórí fóònù ìjọba kí wọ́n tó kó àwọn ọmọ wá. Àkèré kékeré kan dúró lórí ewé òṣíbàtà láàárín odò. Bí èèyàn bá fi ìka kan ojú fóònù, á fò bọ́ sórí ewé mìíràn. Bí ìka bá yá jù, tàbí tó bá pẹ́ jù, àkèré á já sómi, eré á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí èébú, kò sí tẹ́tẹ́. Bí ó bá fò dáadáa, ohùn obìnrin kan á ní, "O káre!" Ohùn tó rọra dùn ni, bíi ti obìnrin tó ń ka ìròyìn. Ìbéèrè mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ìwé ìdánwò, Adépèlé sì kọ "ó yẹ ọmọdé" síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe Adájọ́ Eré ní ìlú Òkè-Ìgbàlà. Eré mẹ́tàlélógójì ló ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn tó burú níbẹ̀, ìwé ìbéèrè ti máa ń mú wọn kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ àti àwo oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí eruku fi bo àpótí onígíláàsì kékeré tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Òǹtẹ̀ méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan pupa, àwọn méjèèjì ti gbó. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà ọwọ́ dúdú tó wà nínú àpótí ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́.

Ọmọ kejì, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án, kò tètè kúrò nídìí eré bíi ti àkọ́kọ́. Ìgbà tí agogo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lù ló tó ta gìrì bí ẹni tó jí lójú oorun. Ó wo fóònù, ó wo àwo, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó sì mú ṣíbí.

"Méjì," ni Adépèlé wí.

Ó ku ọ̀kan. Ẹwàtómi ni wọ́n ń pè é, ọmọ ọdún méje, ó kéré lójú ọjọ́ orí rẹ̀. Ojú fóònù rẹ̀ ti sán, okùn aṣọ ni wọ́n fi so ó kọ́ ọ lọ́rùn. Ohun kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn wà ní etí rẹ̀ méjèèjì. Àsáró rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ẹja gbígbẹ fọ́nká sórí rẹ̀, ooru ṣì ń rú. Kò tíì wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Ìṣẹ́jú méjìlá. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Ìka àtàǹpàkò rẹ̀ ń lọ sókè-sódò láìsinmi. Omijé ń dà lójú ọmọ náà wọ̀ọ̀ títí dé ọrùn, kò nù ún. Inú rẹ̀ kùn kùùù, gbogbo yàrá gbọ́ ọ. Adépèlé rí i pé ètè rẹ̀ ń mì. Kì í ṣe pé ó ń kọrin. Ó ń dá ẹnì kan lóhùn.

"Mo wà ńbí, mà," ni ọmọ náà ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Mi ò lọ. Mo wà ńbí."

Adépèlé yíjú sí Màmá Ṣíjúadé, ìyá àgbàlagbà tó kó àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá láti Ilé Ọmọ Aláìníyàá. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mú ọmọ ìdánwò. Òbí wo ló máa fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀?

"Màmá, ta ló ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mi ò mọ̀, Adájọ́. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Kì í sọ̀rọ̀ nílé." Ìyá àgbà náà ń fún etí ìró rẹ̀. "Ìkún omi ọdún méjì sẹ́yìn ló gbé ìyá ẹ̀ lọ. Ojú ọmọ yìí ló ṣe. Orí òrùlé ni wọ́n ti yọ ọ́, ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú ìyá ẹ̀."

Òfin ní adájọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀. Adépèlé dìde, ó kúnlẹ̀ sórí ẹní, ó yọ ohun etí kan kúrò létí ọ̀tún ọmọ náà, ó fi sí etí ara rẹ̀. Ọmọ náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀.

Ohùn tó gbọ́ kì í ṣe ti obìnrin tó ń ka ìròyìn.

"O káre, Ẹwà mi. O káre, Àbẹ̀kẹ́." Ohùn obìnrin yìí há díẹ̀, atẹ́gùn sì ń gba àárín eyín rẹ̀ kọjá bí ó bá pe "ṣ", bíi ti ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ. Ẹ̀dá wo ló lè jókòó kó ṣẹ̀dá irú rẹ̀? "Ṣọ́ra, ṣọ́ra. Èyí tó ń bọ̀ jìnnà. Má wo ibòmíì o. Ṣé o fẹ́ lọ jẹun ni? Bí o bá lọ, omi á tún gbé mi. Ṣé o fẹ́ kí omi tún gbé mi ni, Ẹwà?"

Àkèré já sómi. Obìnrin inú fóònù kígbe. Kì í ṣe igbe eré. Igbe náà pẹ́, omi sì dí i lẹ́nu ní ìparí. Ọmọ náà gbọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀, ó tẹ ojú fóònù kíákíá, àkèré tún yọ lórí ewé, ohùn náà ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O ṣeun. Gbé mi lọ."

Adépèlé yọ nǹkan náà létí, ó jù ú sílẹ̀ bí ẹni pé ó gbóná.

"Kí lẹ fi sínú eré yìí?" ó bi Láníhùn.

"Kò sí ohun tí a fi síbẹ̀ tí ọmọ kò fọwọ́ sí." Láníhùn kò yí ohùn padà. "Bí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣí i, yóò bi wọ́n pé ṣé kí àkèré mọ ará ilé wọn. Ọmọ tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Àkèré wá wo inú fóònù, ẹni tó máa ń pè é jù ló mú. Ohùn tí ọmọ fẹ́ràn ni, Adájọ́ mi. Ṣé ohùn tí kò fẹ́ràn ló yẹ ká mú ni?"

"Mi ò gbọ́ ọ lórí fóònù ìjọba."

"Ta ló ń pe fóònù ìjọba?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìbéèrè mẹ́tàdínlógún lẹ bi wá. Mẹ́tàdínlógún la dáhùn. Ẹ ò bi wá pé ohùn ta ni."

Adépèlé fúnra rẹ̀ ló kọ "ó yẹ ọmọdé" lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún, ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún.

Màmá Ṣíjúadé ti sún mọ́ tábìlì. Ojú rẹ̀ wà lára àpótí onígíláàsì. Lójijì, ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, arúgbó tó tó bí Adépèlé.

"Ẹ dìde, Màmá. Ẹ má ṣe mí báyìí."

"Mi ò dìde. Ẹ kọ ọ́ pé ó jẹun. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa kọ ọ́. Òfin ò gba ẹ̀rí ẹ̀rọ, ọwọ́ yín nìkan ni wọ́n fẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé ó jẹun, kí n mú ọmọ mi lọ sílé."

"Ìyá yìí sọ òótọ́," ni Láníhùn wí. "Mo lè wo ojú fèrèsé títí ẹ ó fi kọ ọ́. Ọmọ kan lọ sílé, eré kan gba òǹtẹ̀ ewé. Ta ló pa lára?"

Ohun tó dun Adépèlé jù nìyẹn: ìyá tó ń sunkún àti ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín, ohun kan náà ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ fún.

Bí kò bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ará Òkè-Ìgbàlà ló mọ̀ ọ́n. Eré tó bá borí ọmọ kan nínú mẹ́ta ti di èèwọ̀. Ọmọ tí eré bá sì borí, àrùn ti wọ̀ ọ́, ó lè kó o ran àwọn yòókù, ẹ̀gbà dúdú ló kàn. Bí ẹ̀gbà náà bá ti há mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ẹ̀rọ yòówù tó bá sún mọ́, ní ogójì ẹsẹ̀ yíká, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn. Fóònù ló sì ń ṣílẹ̀kùn ilé ní ìlú yìí. Fóònù ló ń ṣí ẹ̀rọ omi, òun ló ń gbé èèyàn wọ ọkọ̀, òun ni olùkọ́, òun ni dókítà. Adépèlé ti rí ọkùnrin kan tó ní ẹ̀gbà náà lọ́wọ́ rí, tó gba ìdí ọjà kọjá. Kò jalè, kò bú èèyàn. Àwọn ènìyàn kan ń pariwo pé, "Ẹ sá o, aṣókùnkùn ń bọ̀!" Wọ́n ń ju òkúta lù ú kí iná fóònù wọn má baà kú. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní ìpàkọ́ rẹ̀, kò wẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ó rí ohun mìíràn náà rí. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nínú ọyẹ́ ọdún tí òfin yìí kò tíì sí. Mọ́radéùn ló jókòó tì í ní kíláàsì. Ọjọ́ kan kò wá, ọjọ́ kejì kò wá, Adépèlé wá bu àkàrà sínú ewé lọ bá a nílé. Ó bá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn ti ògiri, fóònù wà lórí itan rẹ̀. Ó ní, "Mọ́ra, àkàrà rèé." Mọ́radéùn ní, "Gbé e síbẹ̀, ó kù díẹ̀." Ètè rẹ̀ ti bó. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sin ín. Ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ló bá ọyẹ́ náà lọ, láìsí àìsàn, láìsí ọ̀dá oúnjẹ. Àwọn òbí wọn wà nílé. Wọ́n rò pé ọmọ ń ṣeré ni.

Eré tó pa wọ́n kò sì ní ohùn ìyá ẹnikẹ́ni nínú.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún àbọ̀. Adépèlé mú ṣíbí. Ó bu àsáró, ó fẹ́ ẹ, ó gbé e síbi ètè ọmọ náà.

"Ẹwàtómi. Ya ẹnu, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ọmọ náà di eyín pọ̀.

"O ò ní gbé fóònù sílẹ̀. Máa ṣe é lọ. Ṣáà gbé èyí mì."

"Ẹ kúrò lójú mi, Àǹtí. Mi ò rí i."

"Àkèré kì í rì sómi, Ẹwà. Inú omi ni ilé ẹ̀."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ náà gbójú sókè. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. "Kì í ṣe àkèré," ó wí. "Màámi ni." Kò tó kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan, àkèré já sómi, igbe náà sọ nínú ohun etí tó wà nílẹ̀, gbogbo wọn gbọ́ ọ báyìí. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó tún dorí kọ fóònù rẹ̀.

Adépèlé ṣe ohun tí kò rò pé òun lè ṣe. Ó fi ọwọ́ òsì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà mú, ó tẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi là, ó ti ṣíbí wọ inú rẹ̀. Bí ó bá lè gbé ẹyọ kan mì! Ẹyọ kan péré, òun á kọ "ó jẹun", kò sì ní jẹ́ irọ́ pátápátá. Ọmọ náà ń jà, ó ń fún ọ̀fun, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ kò fi ojú fóònù sílẹ̀. Ó tu gbogbo rẹ̀ sí Adépèlé láyà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, etí ṣíbí ti ya á lẹ́nu.

Láníhùn ń wo ojú fèrèsé bí ó ti ṣèlérí.

Agogo ìkẹyìn lù.

Ní inú yàrá náà, ọmọ méjì tó ti yó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Adépèlé padà sídìí tábìlì. Àsáró ń ṣàn lára aṣọ rẹ̀. Ó mú gègé, ó gbé e sílẹ̀, ó tún un mú.

Ọmọ ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ló wà ní Òkè-Ìgbàlà. Kì í ṣe ìyá ẹnì kan ṣoṣo ni ìkún omi ọdún náà gbé lọ. Ó ro gbogbo wọn bí wọ́n ṣe máa jókòó, kálukú sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tirẹ̀, tí àwọn òkú á máa pè wọ́n lórúkọ.

Ó kọ ọ́ síbẹ̀: *Ọmọ kẹta kò jẹun.*

Ó gbé òǹtẹ̀ pupa, ó lù ú mọ́ ìwé. Màmá Ṣíjúadé kò sunkún mọ́. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó di tábìlì mú, ó wo Adépèlé lójú tààrà.

"Ọlọ́run á fi ọmọ dá yín lọ́lá bí ẹ ṣe fi dá mi lọ́lá yìí," ó wí, ó sì fa àwọn ọmọ méjì náà jáde. Kò bojú wo ọmọ kẹta. Bóyá kò lè wò ó ni.

Láníhùn ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi sápò. "Kò burú," ó ní. "Ẹ kú iṣẹ́." Ó tún ní, "Ọwọ́ adájọ́ ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbà sí i, àbí? Èmi yóò dúró ṣẹlẹ́rìí. Òfin ló wí bẹ́ẹ̀."

Adépèlé ṣí àpótí. Ẹ̀gbà náà wúwo ju bó ṣe rò lọ, ó sì tutù. Ó tún kúnlẹ̀. Ẹwàtómi ṣì ń ṣe eré, ìka rẹ̀ kò yá mọ́, àkèré ń já sómi léraléra, lẹ́yìn ìfò méjì, lẹ́yìn ìfò kan. Lára ohun etí tó wà nílẹ̀, ohùn náà ń bẹ̀bẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ẹwàtómi, fún mi lọ́wọ́ ẹ."

"Ó kù díẹ̀."

"Kí n sọ nǹkan fún ẹ. Ìyá ẹ ti lọ. Ó ti pẹ́ tó ti lọ. Èyí tí ò ń gbọ́ yìí, àwọn ènìyàn ló ṣe é."

"Ó kù díẹ̀, Àǹtí."

Ó fi ẹ̀gbà náà sí ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó há, ó ní *kà*, bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já lu gíláàsì. Lẹ́sẹ̀ kan náà, iná àjà kú, gíláàsì oníná tó wà lójú fèrèsé sì ṣókùnkùn. Aago ara ògiri kú. Fóònù Láníhùn kú lápò rẹ̀, ti Adépèlé kú lórí tábìlì. Odò inú fóònù ọmọ náà ṣókùnkùn pẹ̀lú àkèré àti òṣíbàtà. Ohùn náà já sí méjì láàárín ọ̀rọ̀.

Ọmọ náà tẹ ojú fóònù. Ó tún un tẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n, ó fi sí etí, ó fi lu itan.

"Mà?" ó wí. "Mà?"

Ó wá wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀gbà, ó wo Adépèlé. Igbe tó ké, igbe inú eré náà ni, ó pẹ́, ó sì dí ní ìparí. "Ẹ̀yin lẹ pa á! Ẹ̀yin lẹ tì í sómi! Ẹ̀yin ni!" Ó ń lu Adépèlé lójú, láyà, ẹ̀gbà náà ń ba egungun lójú, Adépèlé kò sì gbé ọwọ́ sókè. Nínú òkùnkùn ó gbọ́ tí Láníhùn ń wá ilẹ̀kùn táátáá, tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àga.

Ní ọ̀sán, Adépèlé àti ọmọ náà jókòó sí ẹnu odi ìlú, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà ti parí. Kò sí ọkọ̀ tó gbà wọ́n. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, àwọn tó ń bọ̀ ń sá bọ́ sódì kejì, ìyá kan fi àgbọ̀n bo fóònù rẹ̀ bí ẹni pé òjò ń bọ̀. Adépèlé ti na ọwọ́ sí ọmọ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Kò gbà á. Ó jókòó jìnnà sí i, fóònù tó ti kú wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀.

Lọ́rí Oko Ìdákẹ́, níbi tí wọ́n ń kó ọmọ tó bá ní ẹ̀gbà dúdú lọ, dé. Lọ́rí àtijọ́ ni, tó ń mu epo, tó ń rú èéfín, kò sí ojú ẹ̀rọ kankan lára rẹ̀. Ọkùnrin tó wà á sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbà dúdú wà lọ́wọ́ òun náà, ó ti há wọ inú ẹran ara. Wọ́n ti fi sí i láti kékeré, ọwọ́ ló dàgbà mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin ni Adájọ́?"

"Èmi ni."

"Ọmọ mélòó lẹ ti fi ránṣẹ́ sí wa?"

"Ọ̀kan ṣoṣo. Òun nìkan."

"Bí gbogbo yín ṣe máa ń wí nìyẹn." Kò bínú. Ó lọ lóṣòó níwájú ọmọ náà. "Kí ni wọ́n ń pè ọ́?"

Ọmọ náà di fóònù ọrùn rẹ̀ mú.

"Kò burú. Èmi náà, oṣù méje ni kí n tó dá wọn lóhùn." Ó tú iṣu sísun nínú ewé, ó bù ú sí méjì, ó fún un ní èyí tó tóbi. Ẹwàtómi gbà á. Ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tèèpo-tèèpo, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ẹ̀jẹ̀ ètè rẹ̀ ń ràn mọ́ ọn, ó sì tẹ́ ọwọ́ fún sí i. Adépèlé yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Oúnjẹ wà lọ́hùn-ún?" ó bi awakọ̀ náà.

"Iṣẹ́ wà lọ́hùn-ún," ni ọkùnrin náà wí. Ó gbé ọmọ sókè sórí àga iwájú, ó pa ilẹ̀kùn dé. "Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ wà lójú ọ̀nà mi."

Lọ́rí ṣí. Ọmọ náà kò wẹ̀yìn. Bí ó ti lọ tó ogójì ẹsẹ̀, fóònù Adépèlé tàn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó ti kó jọ láti òwúrọ̀ ń wọlé. Iléeṣẹ́ ìjọba kí i fún ìdájọ́ tó mọ́. Èyí tó kẹ́yìn wá láti ọ̀dọ̀ Láníhùn.

*Adájọ́ mi, ẹ kú ìrọ́jú. A ti ní eré tuntun, Ẹyẹlé Orí Igi. Kò sí omi nínú rẹ̀. A ti dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún. Ọjọ́bọ̀, ọmọ mẹ́ta. Ṣé ẹ gbà á, tàbí kí a gbé e fún Adájọ́ Òkédìnà?*

Ó mọ Òkédìnà. Ọkùnrin náà kì í kúrò lórí àga rẹ̀. Bí ọmọ bá jẹun, bí kò bá jẹ ẹ́, òǹtẹ̀ ewé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó dúró níbẹ̀ títí eruku lọ́rí fi walẹ̀. Ó tẹ *Mo gbà*. Ó wá pe Màmá Ṣíjúadé, kó bá òun wá ọmọ mẹ́ta.

Ìyá àgbà náà gbé e. Ó gbọ́ ohùn tó ń sọ̀rọ̀, ó sì gé e mọ́ ọn lẹ́nu.

Adépèlé tún un pè.